Ilá Ìyá Mi Wà ní Ayétòrò

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀bi ara mi ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi wà láyé, ilá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ìlaro tí kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ so. Ilá tí gbogbo wa mọ̀, bí a bá gbìn ín nígbà òjò, oṣù méjì péré, a ti ń ká a. Bí òjò bá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti parí. Ti ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń gbìn ín, á ga ju ènìyàn lọ, ewé nìkan ni á sì máa yọ. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú tí òru ń gùn ni á tó yọ òdòdó. Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí ilá di ọ̀wọ́n lọ́jà, àwa ń já tiwa lára igi. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn náà sọ pé irú ilá méjì ló wà lóòótọ́, àti pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ilé èyí tó ń so nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdún 2011 ni ìyá mi papò dà. A wó ilé ìdáná àtijọ́, a kọ́ tuntun, a ra sítóòfù onígáàsì. Akèrègbè irúgbìn tó ń wà lókè ààrò, a gbé e sí igun yàrá. Kò rí èéfín mọ́. Ọ̀rinrin wọ̀ ọ́, kòkòrò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo rántí rẹ̀, ìyẹ̀fun ni mo bá nínú rẹ̀.

Mo wá lọ ra irúgbìn ilá inú ọ̀rá lọ́jà. Ó so dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, kí n má purọ́. Mo tọ́jú èso rẹ̀, mo gbìn ín lọ́dún kejì. Háà! Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, òmíràn kò so rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní hybrid ni, pé irú ilá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi bí i, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló ń jọra, kí n padà wá ra òmíràn. Kì í ṣe ẹ̀tàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọbẹ̀ ilé mi ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwa ará Yewa sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè, ti Ìdíròkò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹ rántí bí ìrẹsì ṣe gbówó lórí. Ilé tó ní ewúro àti gbúre lẹ́yìnkùlé rí nǹkan sè nígbà yẹn. Ilé tí kò ní, ojú ọ̀nà ló ń wò.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí sí Ayétòrò láti wá ṣe àkọsẹ̀jayé ọmọ tuntun kan. Mo wọ mọ́tò ní Ìlaro, a gba Ìbèsè, níbi tí tírélà sìmẹ́ńtì tò sí bí ìjàlọ, a kọjá Jọ́gà. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Bí a ṣe ń lọ ni igi ńlá ń dín, tí koríko ń pọ̀, nítorí apá Ayétòrò ti ń wọ ọ̀dàn.

Nígbà tí a ṣe tán, mo yà kí àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ayétòrò. Wọ́n ní wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Bí mo ṣe yí igun ilé báyìí, igi ilá mẹ́fà ni mo rí, wọ́n ga jù mí lọ, wọ́n so jìngbìnnì nínú ọyẹ́. N ò lè sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí ilá yìí?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn? Ìyá ẹ ló fún mi lọ́dún tí mo ń relé ọkọ. Ó dì í sí ìṣẹ́tí ìró mi.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akèrègbè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó o kó odù mẹ́rìndínlógún sórí, tó ò gbàgbé ẹsẹ Ifá, irúgbìn ìyá ẹ lo wá gbàgbé?”

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Mo rò ó títí mo fi délé. Kí ló pa Ifá mọ́ dòní, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, tí UNESCO fi kéde rẹ̀ ní 2005? Kì í ṣe pé awo kan fi í pa mọ́ sínú àpótí. Ojúgbọ̀nà ń kọ́ ọmọ awo, ọmọ awo ń kọ́ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, ẹlòmíràn á rántí. Ohun tí ìyá mi ṣe sí ilá nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èmi nìkan ló kú, èyí tí wọ́n fún àbúrò wọn ló yè.

Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 ní ilé tútù tí wọ́n ń kó irúgbìn sí. Irú ẹ̀wà nìkan tó wà níbẹ̀ ju 15,000 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ilé tútù kò mọ ìgbà tí ìyá mi máa ń gbìn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹni tó ń gbìn ín ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Ayétòrò kọ́ mi. Ẹ yan igi méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù, ẹ má ká èso wọn àkọ́so. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí igi títí á fi là fúnra rẹ̀. Ẹ sá irúgbìn náà sí ibòji, ẹ má sá a sórí páànù gbígbóná. Ẹ fi eérú tútù gbígbẹ pò ó, ẹ dé e pa sínú ìgò, ẹ kọ ọdún sí i lára. Tí ìgbà ọ̀gbìn bá kù díẹ̀, ẹ di 10 sínú aṣọ tútù; tí 7 bá hù, ó dára. Ẹ má gbin oríṣi ilá méjì súnmọ́ ara wọn, oyin á dà wọ́n pọ̀. Ti ewédú, èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ inú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan kíá, kí ẹ tó gbìn ín. Ti tẹ̀tẹ̀, ẹ gbọn orí rẹ̀ tó ti gbẹ sórí àwo. Àwa tí a ń fi tẹ̀tẹ̀, rinrin àti òdúndún ṣe omi ẹ̀rọ̀, ìtìjú ni kí a máa ra ewé ọ̀hún lọ́jà.

Irúgbìn 40 ni wọ́n kà fún mi. Wọ́n ní, “Tó bá so, fún ẹni méjì, ó kéré tán.” Mo gbìn ín ní oṣù karùn-ún, 31 ló hù. Ní oṣù kẹjọ, kí ó tó yọ òdòdó, Ìyá Ayétòrò papò dà. Àwọn ọmọ wọn ti da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé náà báyìí, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. N ò bá wọn wí, èmi náà ti wó ilé ìdáná rí.

Tèmi so nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Ilé mẹ́rin ni mo ti fún, ó sì kù. Ẹni tó bá ń bọ̀ níbi ọ̀sẹ̀ Ifá wa ní Ìlaro, kó mú ìgò kékeré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kó ti ro ẹni méjì tí òun náà máa fún kó tó dé.

Kí oúnjẹ má wọ́n wa o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.