Kí A Tó Dá Sẹ́ńsọ̀ Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ó gba owó ilé-ìwé ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ti Ìkọ̀lé bọ̀ wá sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, iná kékeré kan tàn níwájú mi nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán bí ẹni pé inú agbọ̀n ni mo rọ ọ́ sí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ni í fi epo ṣeré? Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ fi ẹ̀rọ wo ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ dárúkọ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ iwájú. Òun sì ní kí n pààrọ̀ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Mo yà sílé láti mú owó tí a fi pamọ́ fún ilé-ìwé ọmọbìnrin wa. Ìyá àwọn ọmọ mi wò mí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ni ó jẹ̀bi?” N kò rí èsì fún un.

Ní ọjọ́ kejì mo tọ riwáyà kan lọ, ẹni náà sì fara balẹ̀ là mí lóye. Sẹ́ńsọ̀ yìí, tí ọkọ̀ Volvo kọ́kọ́ lò ní ọdún 1976, a máa wọn ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín, a sì máa jẹ́ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ìyẹn lè mọ iye epo tí yóò fún ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, kọ̀ǹpútà yóò fi kún epo. Ó wá nawọ́ hàn mí: sàléńsà ti là níwájú sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ òde sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ni ó ń sọ! Ajórin kan jó o pọ̀, iná sì kú.

Ṣùgbọ́n n kò wí pé kí a máa káwọ́ gbera. Ní ọdún kejì iná náà tún tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, iye tí ó yẹ kí ó máa lọ sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9 fólítì nínú irú ọkọ̀ tèmi dúró gbọin lójú kan, bí a tilẹ̀ tẹná mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà sì ti rìn ju 160,000 kìlómítà lọ. A pààrọ̀ ẹyọ kan náà láìjiyàn. Ẹni tí ó bá fi irú èyí falẹ̀, epo àpọ̀jù lè ba àpótí tí ń fọ èéfín mọ́ jẹ́, owó ìyẹn sì ju ti sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn àgbà wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí iná bá tàn, ẹ jẹ́ kí a yẹ sàléńsà wò, kí a yẹ wáyà wò, kí a dán sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ wò, kí a tó dá a lẹ́bi. Bí ẹ̀rí bá sì ti pé, kí a má ṣe fi ìdájọ́ falẹ̀. Ní ti ọmọ wa, ó ti padà sí ilé-ìwé, owó rẹ̀ sì pé.