Arò Ballarat

Ballarat o! Ilẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, mo ké sí ọ. N kò ké sí wúrà inú rẹ. Àwọn tó kú lórí rẹ ni mò ń pè.

Oṣù kẹjọ ọdún 1851 ni wọ́n rí wúrà níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba fi gbé òfin jáde pé ẹni tó bá fẹ́ walẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ṣílè 30 lóṣooṣù. Lóṣooṣù o! Èèyàn ìbáà rí wúrà, ìbáà jẹ́ ẹrẹ̀ lásán ló kó jáde, iye kan náà ni yóò san. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó yá, wúrà Ballarat kò sí ní òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ odò àtijọ́ tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ ló wà. Àwọn awakùsà á gbẹ́ kòtò tó jìn ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, wọ́n á fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ró kó má baà ya lù wọ́n, wọ́n á máa gbọ́n omi tọ̀sán-tòru. Oṣù mẹ́fà lè kọjá kí wọ́n tó kan ibi tí wúrà wà, wọ́n sì lè kan òfo. Ọkùnrin tó ti san owó ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìrí nǹkan kan, kí ni yóò gbé lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́?

Àgọ́ aláṣọ ni wọ́n ń gbé, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀, nínú eṣinṣin. Odò tí wọ́n ti ń fọ erùpẹ̀ wúrà náà ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ìgbẹ́ ọ̀rìn wọlé tọ̀ wọ́n, ọmọ ọwọ́ ló sì ń mú lọ jù. Bí ìròyìn wúrà tuntun bá dé láti ibòmíràn, òbí á ká àgọ́, wọ́n á lọ, sàréè ọmọ á wá ku òun nìkan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò dàgbà, mo dárò yín.

Nígbà tí Charles Hotham di gómìnà ní 1854, ó ní kí ọlọ́pàá máa yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Igbe “Joe! Joe!” á ta láti àgọ́ dé àgọ́, kí olúkúlùkù lè mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kòtò á fi okùn gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára láti fi ìwé hàn. Bó bá gbàgbé rẹ̀ sínú aṣọ mìíràn, ó di ẹlẹ́ṣẹ̀; wọ́n ti so irú wọn mọ́ igi rí bí ẹran. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n lu Johannes Gregorius, arọ tó jẹ́ ìránṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, nítorí pé kò ní ìwé. Kì í ṣe awakùsà. Wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e.

Ọ̀rọ̀ náà wá dé góńgó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, àwọn awakùsà dáná sun ìwé àṣẹ wọn ní Bakery Hill. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ya bo ọgbà igi tí àwọn awakùsà kọ́ ní Eureka. Ogun náà kò tó wákàtí kan. Ó kéré tán, awakùsà 22 ṣòfò; àwọn ṣọ́jà kan kú pẹ̀lú. Wọ́n gún àwọn mìíràn pa lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Charles Evans tó wà ní Ballarat nígbà náà kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ẹlẹ́ṣin kan pa obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Peter Lalor, olórí wọn, tẹ orúkọ àwọn òkú jáde ní 1855, kò sí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀. Ìyàwó ẹni, ta ni wọ́n ń pè ọ́? Oríkì wo ni kí n kì ọ́?

Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn mú nǹkan wá. Kóòtù dá gbogbo àwọn 13 tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn sílẹ̀, John Joseph, aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ló ṣáájú wọn. Ìwé tuntun dé ní 1855, pọ́ùn kan lọ́dún, ó sì fún awakùsà ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni òfin bu pọ́ùn 10 lé orí gbogbo ará Ṣáínà tó bá gúnlẹ̀ sí Victoria, débi pé Robe, ní South Australia, ni wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dé ibi wúrà. Àwọn tó kú sójú ọ̀nà náà, mo dárò wọn.

Arò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn Wadawurrung, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà. Kí wúrà tó dé, àwọn obìnrin wọn ń fi igi wa murnong, gbòǹgbò kékeré tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, wọ́n ń yan án jẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé. Àgùntàn àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ murnong run. Lẹ́yìn náà ni àwọn awakùsà gé igi fún kòtò, wọ́n sì sọ odò di ẹrẹ̀. Àwọn onílẹ̀ wá ń ta aṣọ ìbora aláwọ ẹran fún àwọn àlejò kí wọ́n lè rówó jẹun. Nínú gbogbo owó ìwé àṣẹ tí ìjọba gbà, kò sí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n san fún wọn bí owó ilẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá Wadawurrung, àti ẹ̀yin ọmọ wọn tó ṣì wà láyé: ẹ kú àfẹ́kù ilẹ̀, ẹ kú àfẹ́kù oúnjẹ, ẹ kú àfẹ́kù omi.