Ọmọ Wa Ní Òun Fẹ́ Di Hacker

Bí ọmọ tó lè ka Yorùbá bá wà nínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ka èyí sókè fún gbogbo ilé, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gan-an ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àgbàlagbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ wá jẹun nílé wa ní Thamesmead. Wọ́n bi ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, pé kí ni ó fẹ́ dà bó bá dàgbà. Ọmọ ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Hacker ni, sà." Òkèlè iyán tó wà lọ́wọ́ bàbá ò dé ẹnu mọ́. Wọ́n yíjú sí wa: "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ? Yahoo ló fẹ́ ṣe o!" Ojú tì wá. A lé ọmọ wọ yàrá, a gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó rí páásíwọ́ọ̀dù olùkọ́ kan lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi wọlé. Kò yí máàkì ẹnikẹ́ni padà, kò pa nǹkan kan rẹ́, ó kàn fẹ́ wò ó ni. Ó sọ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́, ó délé olùkọ́. Wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wa ń sunkún, èkejì ń pariwo. Ẹ má bi wá pé ta ló ṣe èwo. Ọmọ wá bi wá ní ìbéèrè kan: "Ṣebí ìlẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ ni? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ tí mo bá wọlé?" A ò ní ìdáhùn kankan ju ariwo lọ. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a ra ọjà tán ní Powis Street, a bá a wọ ilé ìkàwé Woolwich Centre, a sì jókòó tì í. Ohun tí a rí níbẹ̀ yà wá lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ olè wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré, ló ń lò ó láàárín ara wọn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Bí ẹnìkan bá rí ọgbọ́n fi mú ẹ̀rọ ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é ò ronú kàn, "hack" ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bàbá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò, tó máa tú rédíò mẹ́ta tó ti kú, tó sì máa fi kọ́ ẹ̀rọ kan tí gbogbo òpópónà máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lólè. Yahoo sì nìyẹn lọ́tọ̀: ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ èké sí opó kan lókè òkun, gbájúẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè kọ ìlà prógíráàmù kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ sì ni ọmọ wa ti ṣìnà. Ní ìlú yìí, ní àárín 1984 sí 1985, Robert Schifreen àti Stephen Gold wọ inú Prestel, ètò kọ̀ǹpútà tí BT ń lò nígbà náà, títí wọ́n fi dé inú àpótí lẹ́tà Prince Philip. Ẹ fẹ́ mọ kọ́kọ́rọ́ tí Schifreen kọ́kọ́ fi wọlé? Orúkọ tó jẹ́ 2 lọ́nà mẹ́wàá, páásíwọ́ọ̀dù sì jẹ́ 1234. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn ní 1986, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1988 pé wọn ò jẹ̀bi, nítorí pé kò tíì sí òfin tó bá ohun tí wọ́n ṣe mu. Ìyẹn wà lára ohun tó bí òfin Computer Misuse Act ti ọdún 1990. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ: lábẹ́ òfin yìí, kí o mọ̀ọ́mọ̀ wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí o ò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ní ilẹ̀ England, láti ọmọ ọdún 10 ni wọ́n ti lè pe ọmọ lẹ́jọ́. Pé bébà wà lára kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ di tìẹ, bí kọ́kọ́rọ́ tí aládùúgbò gbàgbé sẹ́nu ilẹ̀kùn ò ṣe sọ ilé rẹ̀ di tiwa.

Àwọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín wa á rántí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tí WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn NHS. Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22 tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Devon, ló rí i pé kòkòrò yẹn máa ń kọ́kọ́ wá orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì kan tí kò sí. Ó forúkọ náà sílẹ̀, kò ná an tó £10, kòkòrò sì dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n mú un ní Amẹ́ríkà nítorí prógíráàmù olè tó ti kọ nígbà tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ́wọ́ ní 2019, adájọ́ sì ní kó máa lọ láìtún ṣẹ̀wọ̀n sí i. Ọmọ wa ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. A ò sọ̀rọ̀, a jẹ́ kó kà á.

Ẹ̀yin òbí á wá ní, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá o, ẹ má sì san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa sọ ọmọ di ọ̀gá lọ́sẹ̀ méjì. Kọ̀ǹpútà wà ní ilé ìkàwé. Fún àwọn kékeré, Scratch tí MIT gbé jáde ní 2007 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Code Club náà ọ̀fẹ́ ni, láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe é nílé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé, ẹ bi olùkọ́ bóyá wọ́n ní in. Lẹ́yìn náà ni Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ìyẹn ni ọmọ wa wà báyìí. Àwọn àgbà ọmọ, àti ẹ̀yin òbí tó fẹ́ pa iṣẹ́ dà, ẹ wo CS50 ti Harvard tàbí freeCodeCamp, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti kọ́ ọ. Èyí tó dùn mọ́ wa nínú jù ni Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí Anuoluwapo Karounwi fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kọ nǹkan jáde, "sọpé" lẹ máa kọ. Kò tíì lè gba iṣẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní Yorùbá ò wúlò á ríran.

A ti dá láptọ́ọ̀pù padà. Ọmọ kọ lẹ́tà àforíjì sí olùkọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, ó kọ prógíráàmù fún àjọ tí a ń dá, èèyàn mẹ́wàá, £100 lóṣù, kí ó lè sọ ìgbà tí kálukú máa kó. Ó tẹ orúkọ wa, ẹ̀rọ ní oṣù kọkànlá la máa kó tiwa. Oṣù kọkànlá bawo, nínú àjọ èèyàn mẹ́wàá? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, òun wá fi ení kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e wọ yàrá lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó tún gbé e wá: oṣù kẹwàá. Àwa náà tún un kà lórí ìka wa, kó lè dá wa lójú.