Ọkàn Lórí Òṣùwọ̀n

Nínú àwọn ìtàn àtayébáyé àwọn ará Íjíbítì, ìtàn ìdájọ́ òkú ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá kú, a ó gbé ọkàn rẹ̀ sí apá kan òṣùwọ̀n, a ó sì fi ìyẹ́ Maat, òrìṣà òtítọ́, sí apá kejì. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá mú ọkàn náà wúwo, Ammit, ẹ̀dá abàmì tí ó ní orí ọ̀nì, àyà kìnnìún àti ìdí erinmi, yóò gbé e mì.

Síbẹ̀, ohun kan ń kọ mí lóminú. Wọn a máa fi ère yímíyímí tí a fi òkúta gbẹ́ sí àyà òkú, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i lára a sì máa bẹ ọkàn pé kí ó má ṣe jẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ó ni ín. Bí a bá lè bẹ ẹlẹ́rìí kí ó dákẹ́, kí ni òṣùwọ̀n wà fún?

Ṣùgbọ́n a kì í bẹ ẹni tí kò mọ nǹkan pé kí ó bo àṣírí. Nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú òkú kí ó má bàa jẹrà, wọn a yọ ọpọlọ dànù, wọn a sì fi ọkàn sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé inú rẹ̀ ni ìrántí ń gbé. Ẹ̀bẹ̀ náà fi hàn pé wọ́n bẹ̀rù òtítọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí ń wọn iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹlẹ́rìí ń bẹ nínú àyà tiwa náà.