A Ta Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Omi, A Fi Ra Alùpùpù

Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò láti Òkìtìpupa lọ sí Igbọ́kọ̀dá yóò rí i pé bí a bá ti dé ọ̀hún, ilẹ̀ ti ń tán lọ nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé etí òkun, omi ni títì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa ará Ìlàjẹ. Ọmọkùnrin tí ó bá tó géńdé lọ́dọ̀ wa, àwọ̀n ni a kọ́kọ́ ń rà fún un, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ta ní í ronú alùpùpù?

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní Òkìtìpupa níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, ní ọdún 2023, tí ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ bá mi bẹ màmá mi, mo fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì bàbá mi kí n fi ra alùpùpù," n kò dá a lóhùn bọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà nìkan ni olóògbé fi sílẹ̀ tí ó ṣe é tà. Ilé ńkọ́? Òkun ti gbé e lọ.

Ayétòrò ni a bí wa sí. Ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sí etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà. Ṣùgbọ́n láti bí ogún ọdún ó lé wá, òkun ń jẹ ìlú náà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kó wá sí Igbọ́kọ̀dá, ó ń ta ẹja yíyan. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá ta ẹ́ńjìnnì, ó ti kúrò lódò nìyẹn." Ọmọ náà dáhùn wẹ́rẹ́ pé, "Màámi, àwa kọ́ la kúrò lódò, odò ló lé wa."

Obìnrin náà sunkún díẹ̀, ó sì gbà.

Alùpùpù mẹ́ta ni a wò. Àkọ́kọ́ jẹ́ àlòkù, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mẹkáníìkì tí mo mú lọ ní kí wọ́n tú ìjókòó rẹ̀. Gbogbo irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fi èékánná ha á, ó rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, iyọ̀ ti mu eléyìí yó." Atẹ́gùn òkun ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ṣéènì, sí rímù àti sáláńsà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù ní etíkun, ẹ má wo ọ̀dà. Boxer tuntun ni a rà níkẹyìn, a sì fi nọ́mbà ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wé ti inú rìsíìtì kí a tó kawó. Mo ra àṣíborí kún un. Ẹ kò ní gbàgbé oṣù January 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ àṣíborí, tí àwọn ọlọ́kadà kan de igbá mọ́rí!

Ìwé adójútòfò ni ó fa àríyànjiyàn jù. Ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ ní òun yóò ṣe é fún wa ní 1,500 náírà, ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí àjọ NAICOM gbé owó náà ga ní January 2023, ₦3,000 ni wọ́n fi lé alùpùpù. Ọlọ́kadà kan tí ó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí wà nítòsí, mo fi nọ́mbà ọkọ̀ rẹ̀ wá a lórí fóònù nínú àkọsílẹ̀ NIID, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń kọ ìwé gidi sí. Kò sí níbẹ̀. Ojú ọlọ́kadà náà rẹ̀ wẹ̀sì. Ó ti lé lọ́dún tí ó ti ń fi bébà lásán gbé èrò kiri.

A san owó gidi ní Òkìtìpupa. Ọmọ náà bi akọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá já sómi ńkọ́?"

"Tìẹ nìyẹn," ni akọ̀wé wí. Ó ṣàlàyé pé ìwé yìí, tí òfin ọdún 1945 sọ di dandan, ti ẹni tí a bá gbá ni. Bí ó bá pa ènìyàn lára, ilé-iṣẹ́ yóò dá sí i. Bí ó bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, wọ́n lè san tó mílíọ̀nù kan náírà. Bí olè bá gbé alùpùpù náà, tàbí iná jó o, kọ́bọ̀ kò sí. Ìwé mìíràn ni ó ń dáàbò bo ìyẹn, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kì í sì í ta á fún ọlọ́kadà.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a gbé alùpùpù náà lọ sí Ayétòrò kí ìyá mi lè fojú rí i. Bí àwọn géńdé ti ń gbé e gba orí pákó èbúté wọ ọkọ̀, pákó yẹ̀, táyà ẹ̀yìn wọ omi. Ọmọ náà bẹ́ sómi, ó fi èjìká gbé e. Ìyá rẹ̀ kò kígbe. Ó kàn jókòó sílẹ̀ gbì. A fà á jáde, a fi okùn dè é mọ́ igi ọkọ̀. Yamaha tí ó rí bíi ti bàbá rẹ̀ gan-an ni ó wà ní ìdí ọkọ̀ náà, ojú ọmọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí a fi dé.

Ìyá mi fọwọ́ pa tánkì. "Ọkọ mi, ṣé ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ rèé?"

"Òun ni, Ìyá àgbà."

Mo ka ìwé adójútòfò náà fún un. Ó wo apá ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, tí ìgbì ń fọ́ sí báyìí, ó ní, "Àwọn tó kọ eléyìí, ṣé wọn ò lè bá wa kọ ti ilẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi òjò nínú àgbá òun, èyí tí òun ń mu, kí wọ́n fi ṣan omi iyọ̀ kúrò lára alùpùpù náà. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń ka abọ́ omi bí wọ́n ti ń bù ú. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹrin, ó ní ó tó.