Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò?

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Níbo lo ti wá?" Ṣùgbọ́n bí ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba bá dáhùn pé Leicester ni, tí ẹni tó béèrè sì tún tẹ̀ ẹ́ nínú pé, "Rárá, níbo gan-an?", ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìbéèrè kejì yẹn ń sọ pé àwọ̀ ara rẹ̀ ti dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó là. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, àti èyí tí wọ́n ń sọ nípa òórùn kọ́rì tàbí orúkọ tó gùn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀rọ̀ eré. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ ni: ó ń sọ onílé di àlejò.

Ìtàn jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1972, Idi Amin, olórí Uganda, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀, tí ìran Íńdíà pọ̀ jù nínú wọn, ní 90 ọjọ́ láti kó jáde. Nǹkan bí 28,000 nínú wọn wá sí Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ náà lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú Leicester polówó nínú ìwé ìròyìn Uganda Argus pé, fún ire ara wọn àti ti ẹbí wọn, kí wọ́n má wá sí Leicester. Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló yẹ ká ṣàkíyèsí, torí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Àwọn ará Éṣíà náà ṣì wá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ìran Íńdíà ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Leicester lọ.

Àwọn kan á ní àwàdà lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo Apu, oníṣọ́ọ̀bù inú eré àwòrán The Simpsons ní Amẹ́ríkà. Òyìnbó kan, Hank Azaria, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fohùn ṣàfarawé ọmọ Íńdíà fún un ní ọdún 1990. Nínú fíìmù tí Hari Kondabolu ṣe ní 2017, àwọn òṣèré tó jẹ́ ìran Gúúsù Éṣíà sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ohùn yẹn ṣẹ̀sín wọn. Azaria fi ipa náà sílẹ̀ ní 2020. Àwàdà tí àgbàlagbà ń pa, tí ọmọdé wá ń ru ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, ti kọjá àwàdà.

Àwọn mìíràn á tọ́ka sí Rishi Sunak, ìran Íńdíà tó di olórí ìjọba Ìlú Ọba ní 2022, wọ́n á ní ìṣòro ti tán. Ṣùgbọ́n ọdún 1892 ni àwọn ará Finsbury Central ní Lọ́ńdọ̀nù ti dìbò yan Dadabhai Naoroji, ọmọ Íńdíà, sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà ni ìpolówó Leicester jáde. Ẹni tó ní láti gun òkè kí wọ́n tó kà á sí ọmọ ilé, àlejò ni wọ́n ṣì ń kà á sí. Bí nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe ń gbé láìrí ìwọ̀sí ni òṣùwọ̀n.

Àtakò tó wúwo jù kàn wá gan-an: àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ní Greater Noida nítòsí Delhi, èrò lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà, títí kan ọmọ Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́langba kan kú tí wọ́n sì ka ikú rẹ̀ sí àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́rùn. Ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n kò dá ìwọ̀sí kankan láre. Ó túbọ̀ fìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀ ni. Èrò yẹn kò mọ àwọn tí wọ́n ń lù. Àwọ̀ ara ti tó wọn ní ẹ̀rí.

Láti ọdún 1965 ni òfin Ìlú Ọba ti ń ka ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ ní gbangba, ti 1968 sì fi ilé àti iṣẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Níbẹ̀, àwa tó ń gbọ́ ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Bí ẹni tí wọ́n fi ìwọ̀sí lọ̀ bá fèsì, wọ́n á ní inú rẹ̀ ló ń tètè bí. Ẹni tó jókòó tì í, tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín, tó sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára, ni wọn kò ní rí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kà sí lọ́rùn.