Ìránṣẹ́ Tí Kì Í Tú Àṣírí: Lórí Yíyan Aṣàwákiri Ayélujára



Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wọn ohun kan tí a ń lò lójoojúmọ́ tí a kì í bi ní ìbéèrè: aṣàwákiri, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní búráúsà. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. A rán an sí ojú-ìwé kan lórí ayélujára, ó sì gbé ohun tó wà níbẹ̀ wá fún wa. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ tó ń bọ̀, ta ni ó tún ń ròyìn wa fún?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìgbò-Ọrà ló mú kí n ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé AS ni òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó lọ ka nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lórí fóònù rẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ìpolówó oògùn àrùn náà fi ń yọjú lórí fóònù ọ̀hún, àní nígbà tí àbúrò rẹ̀ yá a láti wo èsì bọ́ọ̀lù. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí fóònù bá a sọ ọ́. Láti ọdún 1963 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wá tọ́jú aláìsàn ní Ìbàràpá. Oníṣègùn kì í ru àṣírí aláìsàn lọ sí ọjà. Kí ló dé tí ohun tó wà nínú àpò wa yóò fi máa rù ú?

Àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní kúkì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìpolówó fi ń dá wa mọ̀ láti ojú-ìwé kan dé òmíràn. Ẹ má ṣe rò pé ìṣàwárí ìkọ̀kọ̀ ti parí rẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń lo fóònù ni ó ń fi ìrìn yín pamọ́ fún, kì í ṣe ojú-ìwé tí ẹ lọ. Ní ọdún 2020, àwọn kan pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí èyí; ní 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ rẹ́.

Èwo ni ká wá yàn? Opera Mini ń dín dátà kù, èyí sì ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Opera ni ó ti ń fún ojú-ìwé pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Brave, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ń dí ìpolówó láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó kó àpò owó kíríptò àti ẹ̀rọ aláfọ̀rọ̀wérọ̀ mọ́ ọn. LibreWolf mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan ni ó wà fún. Tor Browser ń pa àṣírí mọ́ jù, ó sì ń falẹ̀.

Firefox, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2004, ni mo fi sórí fóònù ọmọ náà. Òun náà kò ṣàìní koríko: Google ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla, kí ẹ̀rọ ìwárí tirẹ̀ lè wà níwájú. Nítorí náà a ro ó bí ẹni ro oko ẹ̀gẹ́. A pa ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sílé, a mú àwọn ọ̀nà àbùjá onípolówó kúrò, a fi DuckDuckGo rọ́pò Google, a sì fi uBlock Origin kún un. Bí ìpolówó kò ti wọlé mọ́, dátà rẹ̀ náà ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí yóò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ wá kù sí i lọ́wọ́.

Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dá ẹ̀tọ́ àṣírí wa mọ̀, òfin ìdáàbòbò dátà sì tún dé ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ni yan ìránṣẹ́. Kí ẹ tó rán èyí tó wà lọ́wọ́ yín níṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń bọ́ ọ.